Ẹ̀wù Eino Lókè Àjà

Aṣọ rírán ni iṣẹ́ Lempi láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Kò sí fèrèsé kan ní Butte, ìlú àwọn awakùsà ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì rán kọ́tìnnì sí, ká má tan ara wa. Nígbà tí wọ́n wá ń tún inú òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ orí òkè ṣe, òun náà ni wọ́n pè.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tamsin ló ń ṣètò inú ilé náà. Ó ní òun fẹ́ kí gbọ̀ngàn ibẹ̀ jọ ilé ìpààrọ̀ aṣọ àwọn awakùsà, níbi tí oníkálukú ti máa ń fi ẹ̀wù kọ́ ẹnu ṣéènì, tí á fà á lọ sókè àjà kó tó wọnú ilẹ̀ lọ, tó bá sì jáde, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á wọ̀ ọ́ lọ sílé. Tamsin bẹ ará ìlú pé kí wọ́n mú ẹ̀wù bàbá wọn wá.

Ẹ̀wù Eino, bàbá Lempi, wà nínú àpótí. Ọjọ́ tí ilẹ̀ wó pa Eino nínú ihò kùsà, òkè ni ẹ̀wù yẹn wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ìyàwó rẹ̀, ìyá Lempi, fi lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Lempi, ẹ̀wù yìí ò gbọdọ̀ há sókè mọ́ láéláé." Lempi ní òun gbọ́. Àmọ́ bí ẹ̀wù bàbá àwọn ẹlòmíì ṣe ń wọlé, ó ń dùn ún pé ti Eino nìkan ni kò ní sí níbẹ̀, àfi bíi pé kò gbélùú náà rí. Ló bá gbé e lọ.

Tamsin fa ṣéènì. Ẹ̀wù ń gòkè, apá rẹ̀ ń mì. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sọ sí Lempi lọ́kàn, ó kígbe:

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Mà, ṣé kò rẹwà ni? A ti fẹ́ fi nọ́ọ̀tì dè é pa, kó má sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Bàbá Radovan, tó bá Eino ṣiṣẹ́ rí, gbé páì ẹran ẹnu rẹ̀ mì. "Dè é pa kẹ̀? Tẹ̀wù bá ṣì wà lókè, ẹni tó ni ín ò tíì jáde nìyẹn. Tèmi náà wà níbẹ̀ yẹn o! Àbí mo ti kú tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ẹ̀rín pa Tamsin, ojú sì tì í. "Ẹ má bínú, bàbá. Mà, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Lempi gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni ẹ̀wù wọ̀nyí máa ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, wọ́n tú gbogbo ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Háà! Gbogbo ẹ̀wù òkè àjà ló ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, bí ọ̀wọ́ ẹyẹ ńlá tó ń bà. Àwọn tó ń mu bíà gbé ife sílẹ̀. Ọkùnrin ṣí fìlà.

"Ọmọ Eino," Bàbá Radovan sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "bàbá rẹ mà pẹ́ níbi iṣẹ́ o."

Lempi gba èjìká ẹ̀wù náà mú, ó gbọn eruku rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá mi."

Títí dòní, òun ló máa ń wá fà á lọ sókè láàárọ̀, òun náà ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀wù Eino kò sùn sókè mọ́.