Ọmọ Tí Kò Lẹ́nìkan

Àwọn kan ṣì máa ń sọ títí dòní pé ẹgbẹ́ wa gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ikú ní Port Harcourt nígbà ogun. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, èmi náà wà lára àwọn tó ń po mílíìkì fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wá báyìí, inú a máa bí mi, mo sì máa ń dìde lọ sí ilé ìdáná kí n má baà bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ti gba ìlú nígbà náà, ogun ti sún sókè lọ́hùn-ún, àwa ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ilé-iṣẹ́ epo sì ti tẹ̀lé ọkọ wa dé. Ilé tí wọ́n fún ọkọ mi ní àdúgbò D-Line, ẹnìkan ló sá kúrò nínú rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ṣì wà lára ògiri, ìkòkò wọn wà lórí ààrò, ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn nídìí. Mo fọ ìkòkò náà, mo sì ń fi se oúnjẹ. Ọkọ mi ní kí n yọ fọ́tò náà kúrò, mo yọ ọ́.

Ọ̀gá ọkọ mi ní báńkì ni ọkọ obìnrin tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ta ni yóò sọ pé orí ń fọ́ òun? Màmá Alága la máa ń pè é. Òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, àdúrà rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí onílé rẹ̀ kò sí mọ́ ni wọ́n fún wa, ibẹ̀ ni a tẹ́ ẹní sí fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń dáná. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà, ọkọ̀ sójà ló gbé wọn wá. Àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà Rumuomasi, ikùn wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn ti pọ́n.

Òfin kan ṣoṣo ni Màmá Alága ní. Ọmọ tí kò lẹ́nìkan nìkan ni a ń gbà. Ó ní bí a bá gba ọmọ tó ní ìyá, ìyá rẹ̀ ni yóò mu mílíìkì náà. Ìdí mìíràn wà tí kò sọ. Àwọn àlejò tó ń wá láti Èkó, tí wọ́n ń kó ẹrù oúnjẹ wá, ọmọ òrukàn ni wọ́n fẹ́ rí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jókòó tì kì í pa wọ́n lẹ́kún.

Nítorí náà, ìdí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ́kọ́ dé. Màmá Alága á wò ó, á ní, "Your mama dey?" Bí ọmọ bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó fún un ní ife mílíìkì kan, a ó sì ní kó máa lọ. Lọ sí ibo? A kì í béèrè. Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n tètè mọ ohun tí a fẹ́ gbọ́. Ìdí tábìlì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ẹnu pa ìyá tó dúró dè wọ́n lẹ́yìn ọgbà.

Obìnrin kan wà tó ń bá wa fọ aṣọ àwọn ọmọ. Ìbò ni, inú igbó ló ti jáde. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fún aṣọ, ẹ lè ka egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tún wà láàárín àwọn ọmọ, kò tíì tó ọmọ ọdún márùn-ún, tí ikọ́ kò jẹ́ kó gbádùn. Lọ́jọ́ kan mo lọ bu omi lẹ́yìn ilé, mo bá àwọn méjèèjì nídìí ẹ̀rọ omi. Imú ọmọ ti dí, kò lè mí. Obìnrin náà fi ẹnu bo imú rẹ̀, ó fa ikun náà, ó tu ú sílẹ̀, ó tún fi ẹnu bò ó.

Kò sí ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ṣe ìyẹn. Bí ikun bá dí imú ọmọ ọlọ́mọ, aṣọ ni a ń wá. Mo ní, "Na your pikin."

Ó wólẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. "Madam, abeg. If dem hear am, dem go drive am. E go die." Ọmọ rẹ̀ mìíràn ti kú lójú ọ̀nà, èyí ló kù fún un. Mo ní kó dìde, pé n kò rí nǹkan kan. Mo sì pa ẹnu mi mọ́, nítorí bí mo bá là á, àyè ọmọ lọ, ẹ̀mí rẹ̀ náà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti là sí ohun tó ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe kọ òun ní ìyá. Á fi aṣọ tó fẹ́ sá bo ara, á ní, "Who be me?" Ọmọ á ní, "Aunty." Á gbá a mọ́ra kíákíá, á tún tì í lọ. Lọ́jọ́ tí oorun ń kun ọmọ, tó sì dáhùn pé, "Mama," ó fà á létí títí ọmọ fi ké. Nígbà mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ sunkún, á di ọwọ́ ọmọ mú, á ní, "My pikin, I be your mama o. Talk true." Bí ọmọ bá gbà, ó jẹ ìyà. Ọmọ náà gbọ́n títí tí ẹkún kò fi lè tàn án mọ́.

Mo bínú sí i. Mo bi í pé irú ìkà wo nìyí, ṣé ẹran ló bí ni. Kò tilẹ̀ bínú padà. Ó ní, "Madam, make she chop first. If she no die, she go call me Mama tire." Èmi tí mo ti jẹun yó kí n tó kúrò nílé, kí ni mo fẹ́ sọ?

Màmá Alága kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ó ti kíyè sí i pé ojú alágbàfọ̀ wa kì í kúrò lára ọmọ kan. Ní Sátidé kan, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti bu mílíìkì lẹ́búlẹ́bú nínú agolo, ètè ọmọbìnrin yìí sì funfun. Màmá Alága pe gbogbo wa jáde. Ó mú pàṣán, kò fi na ọmọ. Alágbàfọ̀ wa ni ó nawọ́ pàṣán náà sí. "Oya, flog am." Ó yíjú sí àwa yòókù, ó ní, "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra." Ojú obìnrin náà ni ó ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Obìnrin náà gba pàṣán. Bó bá nà án díẹ̀díẹ̀, àṣírí tú. Ó nà án bí ẹni tí a san owó fún. Ọmọ ń yí nílẹ̀, ó ń ké, "Aunty, abeg! Aunty!" Inú ìyà yẹn gan-an, kò ṣi orúkọ náà pè. Ọwọ́ òsì ìyá kò sì gbọdọ̀ fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Nígbà tó tẹ́ Màmá Alága lọ́rùn, ó gba pàṣán rẹ̀ padà, ó ní ó dára, ká lọ jẹun.

Mo bá obìnrin náà lẹ́yìn ilé tó ń bì. Ó nu ẹnu, ó wò mí. "You hear am?" ó ní. "She no miss." Bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní nílé ìwé ló ṣe sọ ọ́.

Ìgbà tó yá, rédíò kéde pé ogun ti parí. Àwọn ènìyàn ń jó ní títì. Obìnrin náà kò jó. Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ọmọ ṣì wú díẹ̀, pé kó mu mílíìkì títí wíwú náà yóò fi lọ, kí òun tó gbé e lọ sílé ní gbangba. Ìrònú rẹ̀ dára. Èmi náà gbà pé ó dára.

Kí wíwú náà tó lọ ni ìyàwó kọngílá kan dé láti Èkó. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tó bí, ó ń wá ọmọbìnrin. Ó sọ fún Màmá Alága létí gbogbo wa pé, "Màmá, èyí tí ẹnìkan kò ní í wá béèrè ni kí ẹ bá mi wá o. Mi ò fẹ́ kí n tọ́ ọmọ tán kí wọ́n wá gbà á." A to àwọn ọmọ sílẹ̀. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè tábìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń sunkún, òmíràn ń wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin yìí gbé ojú sókè, ó ní, "I no get mama, ma," ohùn rẹ̀ já gaara. Inú obìnrin Èkó náà dùn. Ó ní ọmọ yìí ní làákàyè.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé lọ pe ìyá rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé ọmọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Na my pikin!" Ó ń pariwo rẹ̀. "Madam, na me born am!"

Màmá Alága rẹ́rìn-ín. "Since when? You wey flog am like goat?"

Mo ní, "Màmá, òótọ́ ló ń sọ. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Ìyàwó, o mọ̀, o sì ń bá wa jókòó?" Ó wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. "Obìnrin yìí ti rí i pé ọmọ fẹ́ lọ jẹ ayé, ló ṣe di ìyá lónìí. Abeg, ẹ jẹ́ ká bi ọmọ. Ọmọ kì í kọ ìyá rẹ̀." Obìnrin Èkó náà gbà bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ wàhálà, pé bí ọmọ bá pe obìnrin yìí ní ìyá, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ sílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, omijé gidi. "Nne," ó fi èdè Ìbò kẹ́ ẹ, "who be me?"

Ọmọ wò ó. Ó wo Màmá Alága, ó wo gbogbo wa. "Na Aunty," ó ní. "Aunty wey dey wash cloth."

"No be play again. War don finish. I no go beat you. Call me Mama."

Ọmọ mi orí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ tan òun, tí òun kò sì ní í gbà. "Na Aunty," ó tún sọ, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

Màmá Alága ní kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́, ó gbọn ọwọ́ mi nù, ó ní kí n lọ bá ọkọ mi nílé. Dírẹ́bà ti tan mọ́tò. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó yọjú lójú fèrèsé.

"Bye-bye, Aunty," ó ní.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí eékún níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí i, kí ẹ̀rù má baà ba ọmọ náà.