Iná Ọkọ̀ Tó Ń Ka Ọjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyàwó mi, òun náà rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó rí i pé mi ò lè jẹun mọ́. Ojú mi ló ṣe, wọn ò rò ó fún mi. Mi ò mutí, mi ò sùn, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú.

Rewáyà ni mí, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀yìn ilé wa ní Kalikak, ní Libreville ní ilẹ̀ Gabon níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lásìkò tí mò ń wí yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já owó séfà tí à ń ná níbí sí ìdajì ni. Ká sùn ká jí, gbogbo ohun tó ń ti òkèèrè wá ti gbówó lórí ní ìlọ́po méjì. Ìgbà náà gan-an sì ni àwọn ọkọ̀ oní-kọ́ńpútà ń gbòde.

Àpótí kékeré kan ni kọ́ńpútà yìí, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń gbé. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì ìgbà tí yóò mu epo àti ìgbà tí yóò taná. Tó bá ti kú, ọkọ̀ di ilé adìẹ nìyẹn. Tí nǹkan bá ń ṣe é, iná pupa kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀. Èmi á so wáyà méjì pọ̀, iná náà á máa ṣẹ́jú, màá ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú, màá wò ó nínú ìwé, ìwé á sọ orúkọ àìsàn.

Bọ̀dé, ọmọ ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Owendo, gbé tiẹ̀ wá bá mi. Bọ̀dé kì í wọ ọkọ̀ láì kọ́kọ́ fọwọ́ gbá òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kanlẹ̀kùn kí ẹ́ńjìnnì lè jí.

“Ẹ̀gbọ́n, ó máa ń kú lórí ìrìn,” ló wí. “Iná yẹn á tàn, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, tó bá yá, á tún padà.”

Mo so wáyà. Iná ò ṣẹ́jú rárá. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan. Máa gbé e lọ.” Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì korò lẹ́nu mi dòní.

Kò tó oṣù kan tí ọkọ̀ agbégẹdú fi gbá a láti ẹ̀yìn lójú ọ̀nà Owendo. Ọkọ̀ Bọ̀dé ló ṣàdédé dúró láàrin títì, ibẹ̀ ni Bọ̀dé kú sí. Àwọn kan ní ó sùn lọ ni, àwọn kan ní ó mutí. Wọ́n wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ náà wá sẹ́yìn ilé mi, ìyàwó rẹ̀ sì wá dúró tì í.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ títí a ó fi ṣàdúrà ogójì ọjọ́.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í tú ẹrù olóògbé kí ogójì tó pé. Mo gbà. Mo tún fi orúkọ Jésù gbà á.

Ìyá Bùnmi ló wá dé. Ọmọ ìjọ wa lòun náà. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé ní àdúgbò Charbonnages, ó ń ṣiṣẹ́ ní Owendo. Kọ́ńpútà ọkọ̀ rẹ̀ ti jóná, irú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ti Bọ̀dé. Tuntun láti ilẹ̀ Faransé? Ta ló tó o, lásìkò yẹn!

“Rewáyà, wá nǹkan ṣe sí i o,” ló wí. “Tí mo bá tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò mi.”

Mo wo ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ lọ́kàn mi pé òkú ò kúkú wakọ̀. Ní Sátidé yẹn, lọ́sàn-án gangan, mo tú àpótí Bọ̀dé, mo dè é mọ́ ọkọ̀ Ìyá Bùnmi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ìyá Bùnmi bi mí ibi tí mo ti rí i, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ín. Kò kúkú jẹ́ irọ́.

Ní Mọ́ńdè, ó padà wá, iná ti tàn. Mo so wáyà, mo kà á: mẹ́sàn-án. Kò sí mẹ́sàn-án nínú ìwé. Mo nu ojú wáyà, mo dá a padà fún un. Ní Ọjọ́rú, méje. Kò sí méje náà níbẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, nítorí àìsàn ọkọ̀ kì í yí orúkọ padà bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú ọgbà ìjọ, mo tún kà á. Mẹ́ta.

A wọlé, a kọrin, ó kan ìkéde. Akọ̀wé ìjọ dìde: “Àdúrà ogójì ọjọ́ arákùnrin wa Bọ̀dé, Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo fi ìka kà á padà sẹ́yìn lórí ìjókòó. Mọ́ńdè, ó ku mẹ́sàn-án. Ọjọ́rú, ó ku méje.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo kàn bẹ Ìyá Bùnmi pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi di Ọjọ́bọ̀, ó ní, “Kí n wá fi kí ni lọ síbi iṣẹ́?” Bí Túsìdeè ṣe dé, mo lọ bá a ní Owendo, mo parọ́ pé mo fẹ́ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, mo jókòó tì í níwájú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀. Mo ti kó o sínú ewu, kò sì mọ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, a gbọ́ ọ lórí òrùlé. Kó. Kó. Kó.

“Ta nìyẹn?” Ìyá Bùnmi rọra sọ ọ́. Ẹ̀rù bà á, ó yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táyà ò tíì tẹ iyẹ̀pẹ̀ dáadáa tí iná pupa fi tàn, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Mi ò so wáyà kankan o. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú.

Ọkọ̀ agbégẹdú ré kọjá, pẹ̀lú fèrè, lójú ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ wa mì tìtì.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn etí mi, láti ìjókòó ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà sọ fún yín.”

Mi ò wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ì bá wẹ̀yìn?

“Rewáyà,” Ìyá Bùnmi ní, “ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú àpótí yẹn, mo dá a padà sínú àfọ́kù ọkọ̀ Bọ̀dé. Takisí ni Ìyá Bùnmi ń wọ̀ látìgbà náà, inú ń bí i sí mi, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Lẹ́yìn àdúrà Ọjọ́rú, ìyàwó Bọ̀dé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó sùn lọ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣé nǹkan kan ń ṣe é ni?”

Pásítọ̀ wà nítòsí. Àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀. Ẹnu mi là, ó ní: “Kò sí nǹkan kan.”

Ó mi orí, ó nu ojú rẹ̀, ó lọ.

Mi ò fojú kan oorun. Ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé rẹ̀ lọ láti jẹ́wọ́, wọ́n ní ó ti jáde. Nígbà tí mo fi padà dé Kalikak, ó ti mú àwọn tó ń ra àfọ́kù ọkọ̀ wá, wọ́n ti gbé e lọ. Epo dúdú tó kán sílẹ̀ nìkan ló kù. Mo sọ òótọ́ fún un níkẹyìn, lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní, “Nígbà tí mo bi yín ńkọ́?”

Mo ti wá àpótí yẹn káàkiri ìlú yìí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti tà á fún ẹnìkan. Nítorí náà, tí iná kékeré bá tàn nínú ọkọ̀ yín, tó sì kú fúnra rẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí òrùlé, ẹ má wẹ̀yìn. Tí rewáyà yín bá sì ní kò sí nǹkan kan, ẹ ní kó wọnú ọkọ̀, kó jókòó tì yín níwájú, kẹ́ ẹ jọ máa lọ.