Jíìpù Tó Ń Ké Lórí Òkè

Àdìẹ ló ni jíìpù yẹn kí Bàbá Dẹ́rẹ́bà tó gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Àdìẹ pupa kan ti yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti pamọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí ìdí tí arúgbó kan á fi wá máa ṣí ilẹ̀kùn mọ́ òun lórí. Koríko ti hù la abẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde. Táyà ti rì wọlẹ̀ dé ìdajì. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń béèrè ìgbà tí Bàbá Dẹ́rẹ́bà máa pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé pàǹtí ẹ̀ kúrò, òun náà a sì dá wọn lóhùn pé ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé òun ni kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, jíìpù yìí ló fi ń gbé àwọn awọnlẹ̀ káàkiri inú igbó, inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta, níbi tí ọkọ̀ kan ò lè dé àfi èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè lo oṣù kan kó má dé ilé. Bó bá sì ń bọ̀, òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn ló máa gbà, òkè tó ga débi pé gíà kejì nìkan ló ń gùn ún. Gíà kejì yìí ló ní àléébù. Ó ń ké. Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì lásán o, igbe ni, igbe tín-ín-rín tó ń ga sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń gòkè, bí ìgbà tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ̀bí a gbọ́ ọ láti inú ilé, a sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kí ọkùnrin náà tó dé, kó tó pa ọkọ̀, kó tó yọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí fóònù nígbà náà. Bí tọkọtaya yìí ṣe ń kí ara wọn káàbọ̀ nìyẹn.

Ní báyìí tí àwọn méjèèjì ti darúgbó, ojú Màmá Agbẹ̀bí ń ṣú. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sún wá sí àárín díẹ̀díẹ̀ bí fèrèsé tí ẹnì kan ń rọra tì. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ò lè sunkún lójú ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ oògùn. Irin ló mọ̀. Ló bá lọ bá wẹ́dà tó wà nígun àdúgbò, ó ní òun fẹ́ tú jíìpù náà dé eegun kí òun sì tún un tò, kí ìyàwó òun lè rí i nínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó fi mọ̀ ọ́n, kí fèrèsé yẹn tó tì tán.

Ẹ-Má-Wò-Ó làwọn èèyàn ń pe wẹ́dà náà, torí ohun tó máa ń pariwo nìyẹn kó tó tan iná. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ wá sí àgbàlá wọn, ó fi ìbòjú rẹ̀ bojú, ó sì figbe ta bó ṣe máa ń ṣe: "Ẹ má wò ó o!"

"Ta lò ń bá wí?" Màmá Agbẹ̀bí dá a lóhùn láti orí àpótí tó jókòó lé. "Èmi tí mi ò rí ọ dáadáa, iná ẹ wo ni mo fẹ́ wò? Jó irin ẹ jàre."

Ojú ti wẹ́dà débi pé ó pa iná. Ìgbà tí ìyá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú ló tó mọ̀ pé wọ́n gba òun láàyè láti rẹ́rìn-ín.

Wọ́n so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n gbé bọ́dì sókè, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò, ó wá ku ṣásí nílẹ̀, irin gígùn méjì tó jẹ́ eegun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Bàbá Dẹ́rẹ́bà mú òòlù kékeré, ó ń gbá irin náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, torí irin tó le a máa dún kọ̀ọ̀, èyí tó ti jẹrà nínú a dún pọ̀.

"Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn gbá."

"Ibẹ̀ dáa, Agbẹ̀bí."

"Kò dáa. Ó ń purọ́ fún yín."

Ọkọ rẹ̀ fi ẹnu sípánà ha ibẹ̀. Sípánà wọlé ṣùẹ̀.

"O ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n ráyè ṣe ọ̀gá," ó ní.

"Ẹ máa ṣe ọ̀gá yín lọ. Ikùn aboyún ni mo fi gbogbo ayé mi tẹ́tí sí. Ṣé irin ni ò wá ní sọ tinú ẹ̀ fún mi?"

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: ọkọ ń gbá a, ìyàwó ń gbọ́, wẹ́dà ń gé ibi tó jẹrà, ó sì ń jó irin tuntun mọ́ ọn. Bàbá Dẹ́rẹ́bà á fi okùn wọ̀n ọ́n láti igun dé igun kó má baà wọ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì wà nínú agolo mílíìkì tí ìyàwó rẹ̀ tò sábẹ́ ògiri, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí wọn nípò, torí ọwọ́ ló fi mọ agolo kọ̀ọ̀kan. Inú ọkùnrin náà dùn nígbà yẹn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ṣásí délẹ̀ lórí táyà tuntun, ọmọ wọn obìnrin dé, ó ní òun máa mú ìyá òun lọ síbi tí dókítà ojú wà, wọ́n á sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Dẹ́rẹ́bà fi gbogbo agbára kó sí iṣẹ́. Ó ti ohun tó kù lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó sì tú gíábọ́ọ̀sì. Ó bá gíà kejì nínú ẹ̀, eyín rẹ̀ ti jẹ bí eyín arúgbó. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àmọ́ ta ló máa sọ fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe pé kó fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀? Ó wá òmíràn tí eyín rẹ̀ pé, ó fi sí i. Wẹ́dà gba ti àtijọ́, ó fi ń di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má baà tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé, wọ́n kùn ún títí ó fi ń dán.

Màmá Agbẹ̀bí dé, fèrèsé sì ti tì. Ó ṣì mọ ojúmọmọ yàtọ̀ sí òru, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ọkọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ìyàwó sì fi ọwọ́ pa imú ọkọ̀ náà.

"Ó ń dán, àbí?"

"Ó ń dán," ọkùnrin náà dáhùn. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyàwó rẹ̀ má rí omi tó wà níbẹ̀, àfi nígbà tó yí i tán ló rántí pé kò ní rí i.

Ní òru ọjọ́ náà ló sọ fún ara rẹ̀ pé ojú lọ, etí kù. Òkè ṣì wà níbẹ̀. Bílẹ̀ ṣe mọ́, ó ní òun ń lọ kí ẹnì kan, ó gbé jíìpù ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn yí òkè náà po, ó sì fi gíà kejì gùn ún. Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń da òróró. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Kò sí iná omi ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ta lẹ̀ ń wá? Bàbá ò sí nílé."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà pa ọkọ̀. "Èmi ni, Agbẹ̀bí."

"Ẹ̀yin? Ọkọ̀ ta wá nìyẹn?"

"Ọkọ̀ wa ni."

Ohùn pẹ̀lẹ́ tí ìyá náà ń lò fún àwọn tí ọmọ bá kú mọ́ lọ́wọ́ ló fi dá a lóhùn. "Ó dáa. Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó dun ọkùnrin náà wọ egungun. Kò tiẹ̀ wọlé. Ó yí ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ wẹ́dà.

"Gíà mi dà?"

"Gíà wo, Bàbá?"

"Èyí tó ń di ilẹ̀kùn ẹ mú."

"Ṣé ara yín yá? Ẹ fẹ́ yọ èyí tó pé eyín kí ẹ fi akáyín yìí sí i? Ó máa ké o!"

"Jẹ́ kó ké."

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé gíà náà, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún. Ilẹ̀kùn tì gbàà lẹ́yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tún gbé gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀, iṣẹ́ tó ń fi ìdùbúlẹ̀ pa ọ̀dọ́mọkùnrin lára, áḿbọ̀sì ẹni tó ń fi àdúrà dìde lórí àga. Wẹ́dà ò gba kọ́bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà tún dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó fi í sí gíà kejì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, igbe náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tín-ín-rín, ó ń ga, ó ń ga sí i. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Kò lè mọ ohun tó ń lọ nílé, kò sì dá a lójú pé etí arúgbó ṣì ń gbọ́ bíi ti àárọ̀ ọjọ́. Ó gun òkè náà dé orí, ó sì rí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nísàlẹ̀. Èéfín ń jáde níbẹ̀.

Ìgbà tó dé, Màmá Agbẹ̀bí dúró ti ìkòkò omi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wo ooru tó ń bọ̀ lójú ẹ̀.

"Ẹ mà pẹ́ o," ó ní. "Ẹ yọ bàtà yín síta, ẹrẹ̀ pọ̀ lẹ́sẹ̀ yín."

Òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ẹrẹ̀ kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó yọ bàtà náà, ó sì gbé e síta.