Fúnra-Mi àti Ohùn Ìyàwó Rẹ̀

Fúnra-Mi ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, kì í sì í ṣe orúkọ oríyìn. Ní gbogbo ìgbà tó fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, mẹkáníìkì kankan ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Bí ẹ̀rọ omi bá ń jò nílé, á ní, "Fúnra mi ni mo máa ṣe é." Irun orí rẹ̀ pàápàá, fúnra rẹ̀ ló ń gé e, ẹni tó bá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jìyà ìwòran. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tiwa yìí ò gbọ́.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, àmọ́ kò ní ohùn mọ́. Àìsàn burúkú kan bá a lọ́fun, àwọn dókítà sì gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò kí wọ́n lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Kó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ilé, ó pa àlọ́ sí i, ó kọrin sí i, torí oyún wà nínú ọmọbìnrin wọn, obìnrin náà sì fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ ohùn òun. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ṣẹ́kù sí láyé. Tábìlì ló wá fi ń sọ̀rọ̀: bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan, rárá.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, ọmọbìnrin wọn pè lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà tó wà ní oríta."

"Ọmọ àná yẹn? Màá pa ètò inú ẹ̀ rẹ́, màá to tuntun sí i. Fúnra mi."

Ó mú fìláàṣì kan ṣoṣo tó wà nílé, ó kó gbogbo ohùn náà sínú rẹ̀, ó fi han ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé o rí i? Gbogbo ẹ̀ ti wà níbí."

Ìyàwó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé.

Ó ku ibi tí yóò kọ́kọ́ kó ètò tuntun sí, kí kọ̀ǹpútà lè tibẹ̀ gbà á, kó sì jí. Bàbá wò yíká, fìláàṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi há ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ bi í pé gbogbo ohun tó wà nínú fìláàṣì náà ni òun máa pa rẹ́, ṣé ó gbà? Ẹni tí kì í ka ìbéèrè! Ó ti gbà kí ẹ̀rọ tó bi í tán. Lẹ́yìn náà ó nu ikùn kọ̀ǹpútà mọ́ fónífóní. Ètò tuntun dé ìdajì, ó dúró. Ó pa á, ó tàn án. Ó yọ wáyà, ó ki wáyà. Ó gbá a létí. Pàbó ni.

Ni ó bá gbé ìgbéraga mì, ó pe oníkọ̀ǹpútà.

"Ṣé ẹ ti kó nǹkan yín pamọ́ kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, Bàbá?"

"Kí lo fi mí pè? Ó wà nínú fìláàṣì."

"Ó dáa. Fìláàṣì wo lẹ wá fi ń jí i?"

Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Òun náà ni," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Háà! Ẹ gbé e wá kíákíá. Mo ṣì lè wá díẹ̀ rí níkùn ẹ̀rọ. Ẹ má to nǹkan kan sí i mọ́ o, á bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀ ni."

Ká ní ó dìde ni! Àmọ́ ó rò ó pé gbogbo oríta á rí Fúnra-Mi tó gbé kọ̀ǹpútà lé èjìká, ojú sì tì í. Ó ní òun á kọ́kọ́ jẹ́ kó jí, òun á wá ohùn náà fúnra òun. Ó pààrọ̀ wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò tuntun wọlé wọ̀ọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere, ó kí i káàbọ̀. Bàbá wá gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó tún pe oníkọ̀ǹpútà.

"Ẹ ti tò ó tán? Áà, Bàbá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ìyàwó wọlé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lápá. Ó rí i pé kọ̀ǹpútà ti jí, inú rẹ̀ dùn, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn há etí, ó nawọ́ pé kí ọkọ òun tan ohùn náà fún òun gbọ́. Bàbá kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin náà la ẹnu gbàgà, èémí lásán ló jáde. Ká ní ó lè ṣépè ni, ì bá sàn fún ọkọ rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, dákun. Ṣé o lè dárí jì mí?"

Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ó ṣa aṣọ ọkọ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, ó dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìká, kó ká a fúnra rẹ̀.