Ìdí Tí N Kì Í Fi Í Jókòó Nílé Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn lọ́fínńdà ló máa ń ṣáájú mi wọ ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún mi. Ìsàlẹ̀ àpòòtọ̀ ni àìsàn náà wà, níbi tó ti máa ń mú àwa ọkùnrin tó ti dàgbà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, mo sì yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ìtọ̀ kò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá wúkọ́, á jò. Bí mo bá dìde, á jò. Èmi tí kì í wọ aṣọ tí a kò lọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba wá di ẹni tó ń da lọ́fínńdà sí ṣòkòtò.

Ìyàwó ọmọ mi ló máa ń mú mi lọ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì á bi mí pé ṣé kò sí ìnira, màá ní a dúpẹ́. Kí ni kí n wí? Kí n máa ròyìn ìtọ̀ lójú ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀? Ojú ń tì mí. N kì í sì í jókòó níbikíbi, kí àga ẹlòmíì má baà tutù.

Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá burú. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá wọlé ará ilé rẹ̀ tí kò jókòó, tí kò mu omi, ìjà ló gbé wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá kọ omi tó bù, màá purọ́ pé mọ́tò ń dúró dè mí. Nígbà tó yá, kò bu omi wá mọ́.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló mọ̀. Kò lè ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó wo èmi tí mo wà lórí ìdúró, ó rán ìyàwó ọmọ mi pé kó lọ gba káàdì mi wá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í jókòó?”

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo ń wolẹ̀ ni mo fi sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkùnrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fún iṣan ìsàlẹ̀ mọ́ra, ó júwe pámpáàsì àgbàlagbà fún mi, ó sì ní kí n padà lọ rí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Bí mo ṣe ra pámpáàsì, Iléṣà ni mo gbà lọ. Mo jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi sáré bu omi, ó dúró wò mí títí mo fi mu ún tán.

“Ṣé o ti dárí jì mí?” ló wí. “Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n yọ̀ǹda ìpín mi nínú oko kòkó bàbá wa fún ọ. Mo rò pé òun ló bí ọ nínú tí o kì í fi í jókòó nínú ulé mi mọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó ń ṣe mí fún un. Ó fà mí dìde.

“Ìtọ̀ lásán? Èmi tí mo fọ ẹní ìtọ̀ rẹ títí o fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé?”

Ojú ṣì ń tì mí dòní, kì í sì í ṣe torí ṣòkòtò tó tutù. Mo jẹ́ kí arúgbó tó tọ́ mi máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá kiri inú ara rẹ̀. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá bi mí ní ilé ìwòsàn pé ṣé kò sí ìnira, màá ní ó wà, màá sì jókòó sọ ọ́.