Ọ́ìlì Tó Ki Nínú Ọkọ̀ Bọ̀dá Mi



Ọkọ̀ bọ̀dá mi ti rìn jìnnà láyé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kan kọ́kọ́kọ́ láti ìjẹta. Mo dé ilé wọn ní Ìpájà lónìí, ó ti dákẹ́.

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe ni, Bọ̀dá?"

"Rárá. Ọ́ìlì tó ki gan-an ni mo ní kí mẹkáníìkì dà sí i, kí ariwo yẹn lè rọlẹ̀."

"Iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì tó ń tàn níwájú yín ńkọ́?"

"Mo ti fi téèpù bò ó jàre."

Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi gbé màmá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n má gbé e jáde, torí ẹ́ńjìnnì náà lè kú lójú ọ̀nà, wọn ò gbọ́.

Mo ti jí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà gbé. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù, mi ò gbé ìpè wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dá a padà?