Ọkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Inú mi kò tíì rọ̀ sí ọmọbìnrin mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Òun ló ń bá mi tẹ ìtàn àròsọ tí mo ń kọ sórí kọ̀ǹpútà, nínú ilé rẹ̀ ní Dàda Estate ní Òṣogbo níbí, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ ni mo sì fi ń kọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ní kó ka orí kẹta sí mi létí. Mo gbọ́ "ẹni bí ọkàn Ọlọ́run," mo gbọ́ "òpó tí kì í yẹ̀ nínú ìjọ." Mo ní kó dúró.

"Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Màámi, inú ìwé ìsìnkú Bàámi ni."

Oníṣòwò aṣọ ní Iléṣà ni ọkùnrin inú ìtàn mi. Ahun ni, ó sì lójú kòkòrò sí ẹran. Ọkọ mi ni mo wò kọ ọ́. Ọmọ yìí wá kó gbogbo ìyẹn dànù, ó fi ohun tí wọ́n kà lórí pósí rọ́pò rẹ̀. Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó kọ ìwé ìsìnkú yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá a jẹun rí. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí òkú wà nílẹ̀. Ta ló wá ní kí wọ́n bá mi dénú ìwé tèmi?

"Màámi, àwọn ará ìjọ máa kà á. Bàámi tó ti sùn, ẹ ní ó ń fi ẹran pamọ́ sínú fìlà."

Ṣé èmi ni mo fi ẹran sínú fìlà ni? Nígbà tí a ṣì wà ní Iléṣà, bí mo bá ti kọ ojú ìwé kan tán, bàbá rẹ̀ ni mo ń kà á fún. Abẹ́ àwo ni mo kọ́kọ́ ní ọkùnrin náà fi ẹran sí. Ọkọ mi mirí.

"Ìyá àwọn ọmọ, èyí ò dùn tó. Fi sínú fìlà mi, kí ọbẹ̀ máa kán sí mi létí níwájú àlejò."

"Ojú ò ní tì yín?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́."

Mo ti kọ ọ́ ní orí kìíní pé ọkùnrin náà kì í dé fìlà. A jọ padà síbẹ̀ ni, a dé e ní fìlà, a tún wá gbogbo ibi tí orí rẹ̀ ti wà lásán. Bí a ṣe ń yí ìtàn padà nìyẹn: ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ èyí fún ọmọ mi.

"Mo ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, Màámi."

"Èyí tí mo fọwọ́ kọ wà níbí. Tún un tẹ̀."

Ó fajú ro, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ọbẹ̀ ti ń kán, ó dáwọ́ dúró, ó bi mí pé etí wo ni.

Mo ní ti òsì.